Fìlà Tí A Dé fún Aláìsàn

Ojúlé 418, Ọ̀nà Old Gin,
Harlow Creek,
Alábámà.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Keje, ọdún 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Gbọ́ Ẹjọ́ Àdéhùn Àwọn Eléré Ìdárayá Kọ́lẹ́ẹ̀jì,
Montgomery,
Alábámà.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ TÚ KENDRELL TARVER SÍLẸ̀ LỌ́WỌ́ ÀDÉHÙN TÍ KÒ ṢE, KÍ Ẹ SÌ JẸ́ KÍ WỌ́N YỌ ÀWÒRÁN ÌYÀWÓ MI KÚRÒ LÓJÚ PÓPÓ

1. Lovie Jean Tarver, ìyàwó mi, kú ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kọkànlá ọdún tó kọjá. Àrùn jẹjẹrẹ ló pa á. Inú yàrá iwájú ilé wa ló kú sí, lórí bẹ́ẹ̀dì tí ilé ìwòsàn gbé wá fún un, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó fi ń wo ọ̀nà. Ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta la fi jọ wà. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé àwọn tí mo ń fi ẹjọ́ wọn sùn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé ó ṣì wà láyé, tó ń bá wọn tajà.

2. Èmi kò kàwé. Ilé ìlagi ni mo ti ṣiṣẹ́ títí ọwọ́ mi fi kọ̀. Arábìnrin Imogene Shelby, akọ̀wé ìjọ wa, ló ń bá mi tẹ lẹ́tà yìí bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ó ti bẹ̀ mí pé kí n rọ ohùn mi. Mo ní kó kọ ọ́ bí mo ṣe wí i. Bí ọ̀rọ̀ kan bá le jù fún yín, èmi ni kí ẹ bi, ẹ má bi òun.

3. Kendrell ni ọmọ tí àbíkẹ́yìn wa, Curtis, bí. Curtis ń wa ọkọ̀ àjàgbé káàkiri orílẹ̀-èdè yìí, nítorí náà ọ̀dọ̀ èmi àti Lovie ni ọmọ náà dàgbà sí. Ó pé ọmọ ọdún méjìdínlógún ní oṣù Kẹsàn-án tó kọjá. Ó ga, ó sì fẹ̀, ẹnu ọ̀nà ilé wa kéré fún un. Lórí pápá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí a ń fọwọ́ jù, ọ̀kan ni nínú àwọn adènà, àwọn tí kì í fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù, tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n fi ara ṣe ògiri fún ẹni tó fẹ́ jù ú. Ènìyàn kì í pariwo orúkọ wọn. Síbẹ̀, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ńlá mọ̀ pé bí ògiri bá wó, ilé ti parí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá a.

4. Ẹ̀yin mọ àṣà fìlà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n wí i kó lè wà nínú ìwé ẹjọ́. Ọmọ tí ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì bá ń fẹ́ kì í fi ẹnu lásán sọ ibi tó ń lọ. Wọn a tẹ́ tábìlì ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé rẹ̀, wọn a to fìlà àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì náà sí i, ìdílé rẹ̀ a jókòó tì í, olùkọ́ rẹ̀ a dúró lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo ìlú a máa wò. Èyí tó bá gbé dé orí ara rẹ̀, ibẹ̀ ló ń lọ. Orí ara rẹ̀ ni mo wí. Torí ìyẹn, gbogbo ẹni tó bá wá rí Kendrell ló ń mú fìlà dání. Lovie da gbogbo rẹ̀ sínú agbọ̀n aṣọ ìfọ̀, ó tì í sí ẹ̀yìn àga. Ó ní, "Ẹni tó bá fẹ́ ra orí ọmọ mi, kó kọ́kọ́ san owó ọṣẹ tí mo ti fi fọ̀ ọ́."

5. Ọ̀gbẹ́ni Brantley Sessums ló ni ilé ìtajà ọkọ̀ tó wà lẹ́bàá títì márosẹ̀. Òun náà ni olórí Ẹgbẹ́ Ògo Caldmore, ìyẹn àwọn olówó tó ń gbárùkù ti bọ́ọ̀lù Yunifásítì Caldmore. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà ni láti kó owó jọ, kí wọ́n fi bá àwọn eléré ṣe àdéhùn ìpolówó. Ọmọ a yá wọn ní orúkọ àti ojú rẹ̀ láti fi tajà, wọn a sì sanwó fún un. Òfin ti fàyè gba èyí, èmi kò bá òfin jà. Ohun tí òfin kò fàyè gbà, bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, ni kí wọ́n fi àdéhùn náà so ọmọ mọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kan bí ẹni so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn.

6. Sessums wá sí ilé wa ní oṣù Kẹwàá. N kò pè é. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ èso wá, ó sì mú fìlà pupa Caldmore kan dání, èyí tí wọ́n fi òwú onírun àgùntàn hun, tó lè bo etí. Mo lè bí i lọ́mọ, ṣùgbọ́n ó ń pè mí ní Ezell ṣákálá. "Ezell, ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ wá kí ọ." Mo ní kó jókòó. Ó dárúkọ owó kan fún Kendrell. N kò ní kọ iye rẹ̀ síbí. Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé ó ju gbogbo ohun tí ilé ìlagi san fún mi láyé mi lọ. Kendrell dá a lóhùn pé, "Ẹ ṣé, sà. Ẹ jẹ́ kí n rò ó. Màmá àgbà mi ni mo ń tọ́jú lọ́wọ́ báyìí." Èsì kan ṣoṣo tí ọmọ náà fún un lórí owó náà nìyẹn títí di òní. Verlene, àkọ́bí mi, wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń wá tọ́jú Lovie náà wà níbẹ̀, ó sì ti ní òun yóò jẹ́rìí bí ẹ bá pè é.

7. Nígbà náà, oògùn ti jẹ gbogbo irun orí Lovie tán. Obìnrin tí kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láìdé fìlà olódòdó ni. Láti ìgbà tí àìsàn ti dé, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya òun láwòrán mọ́, títí kan àwọn ọmọ tó bí. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń wí yìí, atẹ́gùn tutù gba abẹ́ ìlẹ̀kùn wọlé. Ó ní, "Kendrell, òtútù ń mú mi lórí." Mo dìde lọ mú aṣọ ìbora ní yàrá ẹ̀yìn. Kí n tó padà dé, ọmọ náà ti nawọ́ sí fìlà. Gbogbo èyí tó wà nínú agbọ̀n ni iwájú rẹ̀ le, tí kò sì bo etí. Èyí tí Sessums gbé sórí àga nìkan ló rọ̀, tó sì móoru. Kendrell mú un, ó dé e fún màmá àgbà rẹ̀, ó rọra fà á bo etí rẹ̀ méjèèjì.

8. Bí mo ṣe yọ lẹ́nu ìlẹ̀kùn, Sessums ti gbé fóònù sókè, ó ń yà á. Kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Mama Lovie, pupa yẹ ọ́ o!" Lovie ní, "Ọ̀gbẹ́ni, bí ẹ bá ní aláwọ̀ mìíràn, ẹ bá mi mú un wá. Ọkọ mi kò fẹ́ràn pupa." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, Sessums pàápàá rẹ́rìn-ín. Ohun tí ìyàwó mi sọ nípa Caldmore àti fìlà wọn títí ó fi kú kò ju ìyẹn lọ.

9. Lọ́jọ́ kejì, àwòrán náà ti kún orí fóònù gbogbo ènìyàn ní Alábámà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìdílé Tarver ti yan Caldmore, màmá àgbà ló sì kọ́kọ́ dé fìlà. Kendrell pe Sessums lójú mi. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ yọ ọ́. Ara rẹ̀ kò yá." Sessums dá a lóhùn pé, "Fi í sílẹ̀, ọmọkùnrin. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń gbàdúrà fún un nísàlẹ̀ àwòrán yẹn. Ṣé o fẹ́ dá àdúrà dúró ni?" Ọmọ tí ẹni tó tọ́ ọ ń kú lọ lójú rẹ̀, kí ni kó fi fèsì? Ó gbé fóònù sílẹ̀. Nínú ìwé tí agbẹjọ́rò wọn kọ, wọ́n ní ọmọ náà "rí àwòrán, kò sì janpata." Ó janpata. Èmi gbọ́ ọ.

10. Ní agbègbè wa, a kì í kọ ohun tí ènìyàn bá gbé wá sí ilé ọ̀fọ̀. Adìẹ díndín, makaróní oníwàràkàṣì, ewébẹ̀ tí a fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sè, kéèkì, àga ìjókòó, kò sí ohun tí wọn kì í gbé wá. Ẹni tó bá gbé àwo wá a lẹ téèpù mọ́ ìdí rẹ̀, a kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i. Bí ìsìnkú bá parí, àwọn ọmọ olóòkú a fọ àwo náà, wọn a dá a padà fún ẹni tó ni ín. Oúnjẹ ni a gbà, a kò gba àwo. Ìdílé tó bá gbẹ́sẹ̀ lé àwo aláwo, ojú tì wọ́n ní ìlú yìí. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi èyí sọ́kàn kí ẹ tó ka èyí tó kàn.

11. Ní ọjọ́ kejì tí Lovie kú, Sessums gbé ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù tuntun kan wá sí àgbàlá wa. Ó fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé Verlene lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ ò ní máa fẹsẹ̀ rìn lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ fi èyí gbé àwọn ẹbí yín." Kò mẹ́nu ba bọ́ọ̀lù. Kò mẹ́nu ba àdéhùn. Kò sí ẹni tó tọwọ́ bọ ìwé kankan. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kódà mo dì mọ́ ọn. A fi ọkọ̀ náà gbé àwọn àbúrò Lovie láti pápákọ̀ òfurufú, a fi kó àga láti ṣọ́ọ̀ṣì, a fi kó òdòdó lọ sí itẹ́ òkú. Kendrell ló ń wà á, nítorí òun nìkan ni agbára ṣì wà lára rẹ̀ nínú wa. Ẹnìkan ya ọmọ náà láwòrán ní ẹnu ọ̀nà itẹ́ òkú, nínú aṣọ ọ̀fọ̀ rẹ̀, bó ṣe jókòó sídìí ọkọ̀. A rò pé ọ̀kan lára àwọn àlejò ni.

12. Lẹ́yìn ìsìnkú, Verlene bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwo káàkiri ìlú, ó ń dá wọn padà. Ó wá kan ọkọ̀. Kendrell fọ̀ ọ́ tinú tòde, ó rọ epo kún un. Verlene ya téèpù, ó kọ "Sessums" sí i, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ọkọ̀ lókè ibi tí a ń ti kọ́kọ́rọ́ bọ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ. Ó wà á lọ sí ilé ìtajà. Sessums rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Verlene, ta ló ń dá ọkọ̀ padà bí àwo makaróní?" Verlene ní, "Àwa ni, sà. A ti lò ó tán, ẹ ṣeun." Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ yẹn ti wa ọkọ̀ mi, gbogbo ayé ti rí i nínú rẹ̀. Ẹni tó wa ọkọ̀ ti gba àdéhùn." Ó kọ̀, kò gba kọ́kọ́rọ́. Verlene gbé e sórí tábìlì akọ̀wé rẹ̀, ó sì jáde.

Bí àṣìṣe bá wà nínú èyí, àṣìṣe wa ni pé a rò pé ẹni tó gbé nǹkan wá sí ilé ọ̀fọ̀, nítorí òkú ló ṣe gbé e wá.

13. Èmi kò ní purọ́ fún yín. Caldmore wu Kendrell nígbà kan. Wọ́n mú un lọ wo pápá wọn, ó padà wálé, kò lè jẹun, ọ̀rọ̀ wọn kò tán lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ikú Lovie, ọkàn rẹ̀ yí. Shiloh Grove, kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré tó wà nítòsí wa, ti ń fẹ́ ẹ láti ọjọ́ tó pẹ́, wọn kò sì ní ẹgbẹ́ olówó kankan. Ó sọ fún mi pé, "Bàbá àgbà, ibi tí mo ti lè máa wálé lọ́jọ́ Àìkú ni mo fẹ́." Mo ní, "Má ṣe é nítorí tèmi. N kò ní kú nítorí pé o ò sí nílé." Ó ní, "Ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń se ẹyin pàápàá." Mo bínú sí i nítorí ọ̀rọ̀ yẹn, àmọ́ òótọ́ ló sọ.

14. Ní oṣù Kejì, wọ́n tẹ́ tábìlì ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé rẹ̀. Wọ́n to fìlà sí i. Gbogbo ìlú péjọ. Ó gbé fìlà Shiloh Grove, ó dé e sí orí ara rẹ̀, ó sì tọwọ́ bọ ìwé wọn níwájú gbogbo ènìyàn. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Àwọn tó wọ aṣọ pupa dìde, wọ́n jáde.

15. Kí oṣù yẹn tó parí, agbẹjọ́rò Ẹgbẹ́ Ògo Caldmore ti kọ̀wé sí Shiloh Grove. Wọ́n ní Kendrell ti wà nínú àdéhùn ìpolówó pẹ̀lú àwọn, pé àwòrán fìlà àti lílò tó lo ọkọ̀ jẹ́ ẹ̀rí, pé àwọn yóò pe kọ́lẹ́ẹ̀jì náà lẹ́jọ́ bó bá gbé e sórí pápá. Shiloh Grove kò ní owó tí wọ́n lè fi bá wọn ṣẹjọ́. Ẹ̀rù bà wọ́n. Wọ́n ti sọ fún ọmọ náà pé kò gbọ́dọ̀ wọ yàrá ìbùgbé, kò gbọ́dọ̀ bá wọn gbá bọ́ọ̀lù, títí ìgbìmọ̀ yín yóò fi sọ̀rọ̀. Bó bá di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹjọ tí ẹ kò tíì sọ̀rọ̀, wọn yóò fi ààyè rẹ̀ àti ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Wọn kò fi bò fún wa, wọ́n sọ ọ́ tẹ̀dùntẹ̀dùn. Láti oṣù Kẹrin ni a ti kọ̀wé sí yín. Ọ́fíìsì yín dáhùn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní àwọn ti rí i gbà. Oṣù Keje rèé.

16. Ní oṣù Kẹta, wọ́n gbé pátákó ìpolówó kan dúró lẹ́bàá títì márosẹ̀, kí ènìyàn tó dé afárá. Ojú Lovie ló wà níbẹ̀, tòun ti fìlà pupa náà, ó tóbi ju ilé mi lọ. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Màmá àgbà ti yan tirẹ̀. Ìwọ ńkọ́?" Orúkọ ilé ìtajà ọkọ̀ Sessums ló tẹ̀ lé e. Èmi kò lè kà á. Verlene ló kà á fún mi, lẹ́yìn tí mo ti fipá mú un, nítorí kò fẹ́ kí n mọ̀. Ọ̀nà yẹn ni mo ń gbà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni a sì sin ín sí. Ìyẹn ni pé kí n tó dé ìdí sàréè ìyàwó mi, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọjá lábẹ́ rẹ̀ níbi tó ti ń tajà.

17. Lọ́jọ́ kan, mo dá ọkọ̀ mi dúró lábẹ́ pátákó náà, mo wò ó dáadáa. Àwọn tó ń kọjá rò pé fìlà náà ni inú rẹ̀ ń dùn sí. Ó ń rẹ́rìn-ín lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò wo ẹni tó ń yà á, kò sì wo ọmọ náà. Ẹnu ìlẹ̀kùn ni ojú rẹ̀ wà, níbi tí mo ti yọ pẹ̀lú aṣọ ìbora lọ́wọ́. Mo mọ ìwò yẹn, ó ti fi wò mí láti ìgbà tí a ti wà ní èwe. Wọ́n gé ibi tí mo dúró sí kúrò, wọ́n sì ń fi ìyókù tajà. Ẹ̀yin Ọ̀gá, èmi ló ń wò. Kò fi ojú yẹn yá ẹnikẹ́ni.

18. Ìlú ti pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ yìí. Clovis onígbàjámọ̀ sọ fún mi níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀ pé, "Ezell, bí wọ́n bá tún ń wá arúgbó tí yóò dé fìlà, èmi wà ńlẹ̀ o. Mo lè dé mẹ́ta léra." N kò bínú sí i. Ọ̀rẹ́ mi ni, ó sì mọ Lovie. Ẹni tí mo bínú sí ni ọkùnrin kan tó bá Kendrell ní ilé epo, tó wò ó láti òkè délẹ̀, tó ní, "Màmá àgbà rẹ dúró lórí ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ìwọ ni ọ̀dàlẹ̀." Ọmọ náà forí lé ilé. Ó dé ilé, ó gbé agbọ̀n fìlà jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó da gbogbo rẹ̀ sínú àgbá tí a fi ń sun pàǹtí, ó sì tiná bọ̀ ọ́. Nígbà tí mo bá a níbẹ̀, ó bi mí pé, "Bàbá àgbà, ṣé èmi ni mo fà á? Ká ní n kò dé e fún un ńkọ́?"

Ohun tí wọ́n ṣe fún ọmọ yìí gan-an nìyẹn. Owó wọn kò dùn mí, ọkọ̀ wọn kò dùn mí. Wọ́n ti mú kí ọmọ tí mo tọ́ máa kábàámọ̀ pé ó bo orí aláìsàn.

19. Mo lọ bá olórí àwọn olùkọ́ni bọ́ọ̀lù Caldmore. Ó gbà mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó fún mi ní omi tútù. Ó ní, "Bàbá Tarver, ẹ má bínú, èmi kò mọ nǹkankan nípa ọkọ̀ tàbí pátákó. Àwọn ẹgbẹ́ yẹn dá dúró ni." Mo sọ fún un pé ẹni tí ajá rẹ̀ ń gbé adìẹ wálé lójoojúmọ́, tó sì ń jẹ adìẹ náà, kò lè sọ pé òun kò mọ̀ pé aládùúgbò ń sin adìẹ. Lẹ́yìn náà ni agbẹjọ́rò ẹgbẹ́ náà wá bá mi nílé. Ó ní wọn yóò san nǹkan kan fún mi lórí àwòrán náà bí mo bá lè pa ẹnu mọ́, kí Kendrell sì yí ọkàn padà. Mo ṣí ìlẹ̀kùn fún un, ó jáde. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé ẹni tí kò jẹ gbèsè kì í wá san án.

20. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyí. Ẹ sọ ọ́ ní gbangba, nínú ìwé tí Shiloh Grove lè fi hàn, pé Kendrell Tarver kò bá ẹgbẹ́ náà ṣe àdéhùn kankan: pé fìlà tí a dé fún ẹni tí òtútù ń mú kì í ṣe yíyàn, àti pé ọkọ̀ tí a gbé wá sí ilé ọ̀fọ̀, tí a fọ̀, tí a sì dá padà, kì í ṣe owó iṣẹ́. Ẹ sọ ọ́ kó tó di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹjọ, nítorí bí ẹ bá dá wa láre lọ́jọ́ kejì rẹ̀, òtúbáńtẹ́ ni. Ẹ pàṣẹ kí wọ́n yọ ojú ìyàwó mi kúrò lórí pátákó àti níbi gbogbo tí wọ́n fi í sí. N kò béèrè kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Bí ẹ bá sì lè fi gbólóhùn kan kún un, ẹ kọ ọ́ sí ọmọ náà fúnra rẹ̀, pé kò ṣe ohun burúkú kankan. Èmi ti sọ ọ́ fún un títí. Èmi ni bàbá àgbà rẹ̀, ó gbà pé ó di dandan kí n sọ ọ́.

21. N kò ní wá sí ìjókòó yín. Ara mi kò gbé e, mo sì mọ ẹnu mi. Bí mo bá jókòó kọjú sí Sessums tó sì tún pè mí ní Ezell, ọ̀rọ̀ tí n óò sọ yóò ba ẹjọ́ ọmọ náà jẹ́. Nítorí náà, láti òní lọ, mo fi gbogbo ọ̀ràn yìí lé Verlene Tarver Gaines lọ́wọ́, àkọ́bí èmi àti Lovie. Ọkọ̀ ilé-ìwé ló ń wà níbí, kò sí ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n. Ohun tó bá gbà, mo gbà á. Ohun tó bá kọ̀, mo kọ̀ ọ́. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ máa kọ̀wé sí, òun ni kí ẹ máa pè, òun náà ni yóò sì bá Kendrell wá sọ́dọ̀ yín. Mo sọ ọ́ fún un lánàá nígbà tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Kò béèrè ìdí, kò sì ní kí n tún un rò. Ó fa àga, ó jókòó, ó ní, "Ó dáa, Bàbá. Ọjọ́ wo ni wọ́n ń jókòó?"

Ẹ dá a lóhùn.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín ní òtítọ́,

X (àmì ọwọ́ rẹ̀)

Ezell R. Tarver,
Òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì ilé ìlagi; díákónì, Ìjọ Onítẹ̀bọmi Mount Gilead, Harlow Creek.

Ẹni tó tẹ̀ ẹ́, tó sì kà á padà sí i létí: Imogene Shelby, akọ̀wé ìjọ.